Bí Ẹ Ó Ṣe Mọ Ẹrù Tí Ẹ̀yà Ẹ́ńjìnì Ìdíje Kọ̀ọ̀kan Lè Gbé: 2JZ-GTE Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ́ńjìnì fún ìdíje kò ní í ṣaláì gbọ́ ìbéèrè yìí: "Họ́sípáwà mélòó ni ẹ́ńjìnì yẹn lè gbé?" Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń fi dá a lóhùn, bóyá 700 tàbí 1,000, bí ẹni pé ẹ́ńjìnì jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lára. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ́ńjìnì kan náà, kọnrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) ń gbé ẹrù tirẹ̀, bóòtù ń gbé tirẹ̀, písítìnì ń fara da ooru tirẹ̀, ohun tó sì ń pa ọ̀kan kì í ṣe ohun tó ń pa èkejì. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ máa ṣírò ẹrù wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ rà àti èyí tó lè fi sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.

2JZ-GTE ti Toyota ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnì tó wà nínú Supra tó jáde ní 1993, nítorí pé àwọn tó ti tú u tí wọ́n sì ti bà á jẹ́ pọ̀ tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, gbogbo wọn tò sí ìlà kan. Ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 86 mm, písítìnì ń rin 86 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,997 cc. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kì í ṣe alumíníọ́ọ̀mù, òkè búlọ́ọ̀kù náà sì dí pa yí ká àwọn sílíńdà, tí ògiri wọn kò fi ní àyè láti máa mì. Wọ́n kọ họ́sípáwà 280 fún un ní Japan, 320 ní Amẹ́ríkà. Àbúrò rẹ̀ tí kò ní tọ́ọ̀bò (ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnì), 2JZ-GE, ni àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ dáadáa nínú Lexus GS300 àti IS300. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì nígbà tí ẹ bá ń rà á: ìfúnpọ̀ atẹ́gùn GE kò dín ní 10 sí 1, ti GTE sì jẹ́ 8.5 sí 1, GE kò sì ní ẹnu kékeré tó ń tu ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì láti mú un tutù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ ó kọ: họ́sípáwà tí ẹ fẹ́, iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ fẹ́ kí ó ti jáde, irú epo tí ẹ ó máa lò, àti bí yóò ti pẹ́ tó tí ẹ́ńjìnì yóò wà lábẹ́ ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Họ́sípáwà kọ́ ló ń tẹ kọnrọ́ọ̀dù. Agbára ìyípo, tí a ń pè ní tọ́ọ̀kì, ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣirò tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kò le rárá: ẹ fi iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan sọ tọ́ọ̀kì, ní ìwọ̀n Nm, di púpọ̀, kí ẹ fi 7,121 pín èsì rẹ̀, ohun tó bá kù ni họ́sípáwà.

Ẹ jẹ́ ká fi wò ó. Bí ẹ bá ń wá 700 ní ìyípo 7,000, tọ́ọ̀kì tí ẹ nílò kò ju nǹkan bí 712 Nm lọ. Bí ẹlòmíràn bá ń wá 700 kan náà ní ìyípo 5,000, nítorí pé tọ́ọ̀bò tirẹ̀ kéré, tó sì tètè ń jí, ó di 997 Nm. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì yóò máa fi yangàn lójú ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí kọnrọ́ọ̀dù tirẹ̀ fi ìdá 40 nínú 100 ju tiyín lọ. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í ka ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ pé ẹ̀yà ilé iṣẹ́ gbé 800 fún òun sí ohun kan, títí yóò fi sọ ìyípo tí ó ti gbé e. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń fi 2JZ-GTE sáré sábà máa ń gba 700 sí 800 lára inú rẹ̀ tí wọn kò tú rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi gbà á: tọ́ọ̀bò ńlá kan ṣoṣo tó ń jí lókè, epo tó mọ́, àti kọ̀ǹpútà tí ẹni tó mọṣẹ́ tò. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta yìí, nọ́ńbà náà kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà kò kéré. Eré 402 mítà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ́wọ́ ọkọ̀ tó yára dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì á sinmi. Eré orí pápá yíyípo lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ìsinmi. Àwọn tó ń sá eré Top Fuel, ìpele tó yára jù nínú eré ojú ọ̀nà gbọọrọ, ní Amẹ́ríkà mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ẹ́ńjìnì 8.2 lítà ni wọ́n fi ń mú ohun tó ju 11,000 họ́sípáwà jáde, wọ́n sì ń sá 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn 305 mítà, láti 2008, ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti dé ibùdó wọn, wọn a tú u palẹ̀ kí eré tó kàn tó dé. Ẹ̀yà wọn kò lágbára láti pẹ́, wọn kò sì retí pé kí ó pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ agbára láìsọ àkókò kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò ìtẹ̀, kí ẹ ṣírò ìfà

Ọ̀tá méjì ló ń bá kọnrọ́ọ̀dù jà. Àkọ́kọ́ ni ìtẹ̀, nígbà tí epo bá jó lórí písítìnì. Ojú písítìnì tó fẹ̀ ní 86 mm jẹ́ nǹkan bí 58 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Bí agbára iná tó ń jó níbẹ̀ bá gòkè dé 100 bar, ìtẹ̀ tó bá písítìnì jẹ́ tọ́ọ̀nù 5.9, bí ẹni pé erin kan fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró lórí ohun tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife omi lọ. Bí ó bá dé 150 bar, ó di tọ́ọ̀nù 8.9. Ìtẹ̀ yìí ló máa ń tẹ kọnrọ́ọ̀dù wọ́, ó sì burú jù nígbà tí tọ́ọ̀bò bá ti ń tẹ atẹ́gùn wọlé tipátipá nígbà tí ìyípo ṣì wà nílẹ̀.

Èkejì ni ìfà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Nígbà tí písítìnì bá dé òkè pátápátá, ó gbọ́dọ̀ dúró, kí ó sì yí padà. Ohun tó ń fà á padà náà ni kọnrọ́ọ̀dù àti bóòtù méjì tó di ìdí rẹ̀ mú. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí fún ẹ́ńjìnì yìí, tí kọnrọ́ọ̀dù rẹ̀ gùn ní 142 mm: ẹ fi 0.1047 sọ iye ìyípo di púpọ̀, ẹ fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 0.043 sọ èyí náà di púpọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi 1.303 ṣe bákan náà. Ní ìyípo 7,200, yóò fún yín ní nǹkan bí 31,800 mítà fún ìṣẹ́jú àáyá níbùú lóròó, ìyẹn ju ìlọ́po 3,200 agbára tó ń fa òkúta wálẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ gbé písítìnì kan, píìnì rẹ̀, àwọn ríìngì rẹ̀ àti orí kékeré kọnrọ́ọ̀dù sórí òṣùwọ̀n. Ká ní 500 gíráàmù ni àpapọ̀ wọn. Ní 7,200, ìfà tó wà lára bóòtù méjèèjì jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.6. Bí ẹ bá gbé ìyípo lọ sí 8,500, ó di tọ́ọ̀nù 2.26. Ìyípo fi ìdá 18 nínú 100 gòkè, ìfà fi 39 gòkè, ẹ kò sì fi họ́sípáwà kan ṣoṣo kún un. Bí ẹ bá rí písítìnì tó fi 50 gíráàmù fúyẹ́ sí i, kílógíráàmù 226 ni ẹ yọ kúrò lọ́rùn àwọn bóòtù wọ̀nyẹn ní 8,500.

Ibi tí ìfà ti burú jù ni òkè ìrìn tí èéfín ń jáde, nítorí pé kò sí iná tó ń ti písítìnì padà wálẹ̀ nígbà náà. Awakọ̀ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àṣẹ́lẹ́ (ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) níbi tí ìyípo ti ga jù, tàbí tó já gíá wálẹ̀ láìtọ́, ti bu bóòtù jẹ lọ́nà tí ẹni tó ń rọra gòkè kò bu ú jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: tọ́ọ̀kì ló ń ká kọnrọ́ọ̀dù, ìyípo ló ń já bóòtù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan kọnrọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bóòtù rẹ̀ ni kí ẹ wò jù

Alágbẹ̀dẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín irin tí a yọ́, tí a sì dà sínú àwo, àti irin tí a fi iná rọ̀, tí a sì lù. Èyí tí a lù máa ń nà kí ó tó ya. Èyí tí a dà sábà máa ń ya láìkìlọ̀. Kọnrọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ nínú 2JZ-GTE jẹ́ irin lílù, ìdí sì nìyẹn tí ó fi gbé ohun tó gbé. Èyí tí wọ́n ń tà fún ìdíje sábà máa ń jẹ́ irin 4340. Bí ẹ bá fẹ́ lo ti àtijọ́, ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi òògùn mágínẹ́ẹ̀tì wá ìlà yíya, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n bóyá ó ti wọ́ tàbí ó ti yí. Èyí tó ti wọ́ díẹ̀ kì í dún; ẹ ó kàn rí i pé písítìnì kan kúrú ju àwọn tó kù lọ nígbà tó bá dé òkè.

Irin tí wọ́n fi ṣe bóòtù ní ìpele. 8740 lè gbé ìfà bí 200,000 psi (pọ́ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó) kí ó tó já, ARP 2000 lè gbé 220,000, L19 sì lè gbé 260,000. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà wọ̀nyí yóò sáré lọ ra L19. Ẹ rọra. L19 kórìíra omi. Òógùn ọwọ́ lásán tó bá kàn án lè mú kí háídírójìn wọ inú irin náà, kí ó sì gbẹ bíi dígí, kí ó wá já lọ́jọ́ tí kò sí ẹrù tó pọ̀ lórí rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀rinrin pọ̀, ARP 2000 ni èmi yóò rà, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ohun tí a ń ṣe.

Bí ẹ ó ṣe dè é nìyí, ẹ má sì kánjú níbẹ̀. Bóòtù jẹ́ sípíríìngì tó le: nínà tó bá nà ló fi ń di nǹkan mú. Bí ẹ bá ń fi sípánà tọ́ọ̀kì nìkan dè é, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 agbára ọwọ́ yín ló ń bá ìfọwọ́rá lọ, lára okùn bóòtù àti lábẹ́ orí rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù ló ń nà án. Ìyípadà díẹ̀ nínú òróró tí ẹ fi pa á ti tó láti ṣì yín lọ́nà. Nítorí náà, ẹ wọn gígùn bóòtù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dè é, ẹ fi òróró tí ó bá a wá pa okùn rẹ̀ àti abẹ́ orí rẹ̀, ẹ dè é kí ẹ sì tú u bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ojú okùn lè dán, lẹ́yìn náà kí ẹ dè é títí tí géèjì tó jókòó sí orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ yóò fi fi hàn pé ó ti nà dé ibi tí ìwé rẹ̀ sọ. Ẹ kọ gígùn méjèèjì sílẹ̀, bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá tú ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tún un wọ̀n. Bóòtù tó bá fi 0.025 mm gùn ju bí ó ti wà nígbà tó jẹ́ tuntun lọ ti kọjá ibi tí ó ti lè padà sípò. Ẹ jù ú nù, bí ó tilẹ̀ dàbí tuntun lójú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Písítìnì, ríìngì àti ooru

Ìtẹ̀ lásán kì í tètè pa písítìnì. Ooru àti ìbúgbàù àìtọ́ ló ń pa á. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é máa ń yọ́ níbi tí irin kò tíì pọ́n dáadáa, agbára rẹ̀ sì ti dínkù gidigidi ní 300 °C, kí yíyọ́ tó dé rárá. Oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń tà. 4032 ní sílíkọ́nì bí ìdá 12 nínú 100, kì í fi bẹ́ẹ̀ wú nínú ooru, a sì lè fi àlàfo kékeré tò ó, kí ó má baà máa dún ní òwúrọ̀. 2618 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní sílíkọ́nì, ó ń wú jù ú lọ, ó sì ń dún títí tí yóò fi gbóná, ṣùgbọ́n ó ń nà kí ó tó ya. Fún tọ́ọ̀bò ìdíje, 2618 ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fara da ariwo òwúrọ̀.

Àlàfo ẹnu ríìngì ni mo ti rí tí iṣẹ́ ńlá ti bàjẹ́ lórí ohun tí kò tó ìbú èékánná. Ẹ ti ríìngì òkè wọ inú sílíńdà tí yóò wà gan-an, ẹ fi orí písítìnì tì í wálẹ̀ kí ó lè dúró gbọọrọ, kí ẹ wá ki ewé fílà géèjì bọ àárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Fún sílíńdà 86 mm tó ní tọ́ọ̀bò, ohun tó sábà máa ń tọ́ wà láàárín 0.43 àti 0.52 mm, bí ẹrù bá ti ń pọ̀ sí i ni kí ẹ máa súnmọ́ èyí tó tóbi. Ìwé ẹni tó ṣe ríìngì náà ló ní àṣẹ. Ewé géèjì gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìfọwọ́rá díẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń fa ìwé jáde láàárín ìwé. Bí ó bá kéré jù, ẹ fi fáìlì rẹ ẹnu rẹ̀, láti ìta sí inú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pa etí rẹ̀ tó mú rẹ́. Bí àlàfo náà kò bá tó, ríìngì yóò wú nínú ooru títí ẹnu rẹ̀ méjèèjì yóò fi kan ara wọn. Láti ibẹ̀ kò sí ibi tó lè wú sí mọ́ àfi kí ó há mọ́ sílíńdà, kí ó sì fa òkè písítìnì ya. Mo ti mú irú ríìngì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ẹnu rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi dígí, ẹni tó ni ín sì ń bú písítìnì.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan lórí "nọ́ọ̀kì". Lẹ́nu mẹkáníìkì wa, bí ẹ́ńjìnì bá ti "nọ́ọ̀kì", bẹ́ríìnì (irin pẹlẹbẹ tí kíráǹkì ń yí lórí rẹ̀) ti kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mò ń pè ní ìbúgbàù àìtọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ló sì sábà máa ń ṣáájú rẹ̀: epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń bú gbàù fúnra rẹ̀ nínú ooru àti ìfúnpọ̀, ìtẹ̀ á sì dà bí òòlù dípò kí ó jẹ́ ìtì. Gbogbo ìṣirò tí a ṣe ní ìgbésẹ̀ kejì kò wúlò mọ́ nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀. Epo E85, tí ẹtánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, ń kọ ìbúgbàù yìí dáadáa ju pẹtiróòlù lásán lọ, ó sì ń mú atẹ́gùn tó ń wọlé tutù. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ epo púpọ̀ sí i, bí ìdá 30 sí 40 nínú 100, nítorí náà pọ́ǹpù epo àti ínjẹ́tọ̀ yín gbọ́dọ̀ lè pèsè rẹ̀. Ínjẹ́tọ̀ tó ti dé òpin agbára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà tó ń gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bíi bóòtù tó ti nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Hẹ́ẹ̀dì, bóòtù rẹ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì

Tọ́ọ̀nù 5.9 tó ń ti písítìnì wálẹ̀ ń ti hẹ́ẹ̀dì sókè pẹ̀lú. Bóòtù mẹ́rìnlá ló di hẹ́ẹ̀dì yìí mú, mẹ́rin yí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ká, àwọn sílíńdà tó fara kan ara wọn sì ń pín wọn lò. Nígbà tí ìtẹ̀ bá pọ̀ jù, kì í ṣe pé bóòtù yóò já. Yóò kàn nà díẹ̀, hẹ́ẹ̀dì yóò gbéra díẹ̀, iná yóò gba ibẹ̀ jáde, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì jáde láti inú táǹkì rẹ̀ kété tí ẹ bá tẹ àṣẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó fún un mọ́lẹ̀ ni kò fún un mọ́.

Ẹ fi sítọ́ọ̀dù ìdíje (ọ̀pá olókùn tí nọ́ọ̀tì ń dì lórí) rọ́pò bóòtù ilé iṣẹ́, kí ẹ sì lo gásíkẹ́ẹ̀tì onírin alápapọ̀ ewé. Irú gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kì í fojú fo àìdọ́gba: kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fá ojú búlọ́ọ̀kù àti hẹ́ẹ̀dì títí tí yóò fi dán, kí wọ́n sì fi irin tó gún régé wò ó kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fá inú sílíńdà lọ sí 87 mm, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìró wọn bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, nítorí pé ògiri tó fẹ́lẹ́ yóò máa wú bíi bàlúùnù lábẹ́ ìtẹ̀, ríìngì kò sì ní í rí ibi dúró sí. Ohun tí ẹ ó rí gbà nínú fífá náà kò ju lítà 0.07 lọ, èmi kì í fá a àfi bí sílíńdà bá ti há.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kíráǹkì, púlì iwájú rẹ̀ àti ọ́ìlì

Kíráǹkì 2JZ-GTE jẹ́ irin lílù, ìjókòó méje ló sì ní. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó fúnra rẹ̀ kán. Ìṣòro rẹ̀ ni gígùn: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan mú kí ó gùn, ohun tó bá sì gùn máa ń lọ́. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti jó, ó ń lọ́ kíráǹkì díẹ̀, kíráǹkì sì ń tú ara rẹ̀ padà, bí aṣọ tí a ń fún tí a sì ń tú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Púlì ńlá tó wà níwájú kíráǹkì ló ń pa mímì yìí, rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀ sì ni ó fi ń pa á. Rọ́bà tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ti gbẹ. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan ṣoṣo láti àárín púlì dé etí rẹ̀, kí ẹ lo ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì, òrùka ìta ti ń yọ̀ lórí rọ́bà.

Kí ló kan ọ̀rọ̀ agbára nínú èyí? Pọ́ǹpù ọ́ìlì ẹ́ńjìnì yìí wà ní imú kíráǹkì gan-an, kíráǹkì ló sì ń yí eyín inú rẹ̀ tààrà. Bí imú kíráǹkì bá ń mì tìtì ní 8,000, eyín pọ́ǹpù náà ni yóò máa gba ìlù yẹn, irin tí wọ́n sì fi ṣe eyín náà kò fẹ́ràn ìlù. Bí ó bá fọ́, bẹ́ríìnì yóò kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kọnrọ́ọ̀dù tí ẹ fi owó ńlá rà yóò sì gba ara búlọ́ọ̀kù jáde. Mo máa ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó pé kí ó ra púlì tó ní àmì SFI 18.1 (SFI ni àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ẹ̀yà ọkọ̀ ìdíje) àti eyín pọ́ǹpù tó le kí ó tó ra kọnrọ́ọ̀dù; inú wọn kì í dùn sí i, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń fi púlì yangàn.

Ní ti bẹ́ríìnì, àlàfo tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀. Ìjókòó kíráǹkì fẹ̀ ní 62 mm, nítorí náà 0.062 mm, ti kọnrọ́ọ̀dù jẹ́ 52 mm, nítorí náà 0.052 mm. Màíkírómítà àti géèjì inú ihò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti de bóòtù rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe wà nígbà iṣẹ́, nítorí pé bóòtù tó le jù ti àtijọ́ lọ máa ń fa ihò náà kúrò ní yíyípo. Agbára ọ́ìlì tí ẹ ó máa retí nígbà tó bá gbóná jẹ́ nǹkan bí 10 psi fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Fáàfù, àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì

Tọ́ọ̀bò ń ti ẹ̀yìn fáàfù ìwọlé pẹ̀lú. Fáàfù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní 34 mm lábẹ́ ìtẹ̀ 2 bar ń gba nǹkan bí kílógíráàmù 18.5 tó fẹ́ ṣí i láìtọ́. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú agbára sípíríìngì yín, kí ẹ wo ohun tó kù. Ní ti kílọ́ọ̀ṣì àti fláíwíìlì, ẹ má ra èyí tí kò ní àmì SFI 1.1 tàbí 1.2, nítorí pé fláíwíìlì tó bá fọ́ ní 8,000 ń gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Gíá V160 tó bá Supra onítọ́ọ̀bò wá lágbára gidi. W58 tó wà nínú èyí tí kò ní tọ́ọ̀bò kò lè bá wa débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ máa fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa tú fíltà wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtẹ̀ tọ́ọ̀bò ti kéré jù, ẹ sáré, ẹ kà á. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kí ẹ wo funfun rẹ̀. Àmì dúdú wínníwínní tàbí èérún alumíníọ́ọ̀mù tó ń dán lórí rẹ̀ túmọ̀ sí pé písítìnì ti ń fi ara rẹ̀ tọrẹ. Ẹ fi atẹ́gùn wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jò, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Èyí tó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tọpa, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá burú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú fíltà ọ́ìlì. Ẹ má fi ayùn irin gé e, nítorí pé ìyẹ̀fun ayùn yín ni ẹ ó máa wò. Ẹ lo ọ̀bẹ oníyíyípo tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ fa bébà inú rẹ̀ jáde, ẹ fún ọ́ìlì rẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn, kí ẹ sì ká a lọ ní ewé kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ohun tó bá ń dán. Èyí tó bá gbá mágínẹ́ẹ̀tì mú wá láti ara irin: ríìngì, kíráǹkì, tàbí eyín pọ́ǹpù. Èyí tí kò gbá a mú, tó pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, tó sì ní àwọ̀ bàbà tàbí eérú, bẹ́ríìnì ni. Bí ẹ bá rí ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe fi ìtẹ̀ kún un mọ́. Ẹ tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ yọ bóòtù kọnrọ́ọ̀dù sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta.